Ìkéde Àfisílẹ̀ fún Oníṣòwò: Kí Ẹ̀rọ Ṣiṣẹ́, Kí Ojú Ọlọ́jà Má Sùn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ju ti òwò lọ: ìpolówó ọjà lórí fóònù, pàápàá èyí tí a ń kọ sílẹ̀ lónìí kí ó lè jáde ní ọjọ́ mìíràn.

1. KÍ NI ÌKÉDE ÀFISÍLẸ̀?

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tí ó ń kiri ẹ̀kọ mọ̀ pé òwúrọ̀ ni wọ́n ń ra ẹ̀kọ. Kì í dúró di ọ̀sán kí ó tó pariwo. Àwọn ará Edo tí a jọ ń gbé ní Benin City yìí ní ọjọ́ mẹ́rin tiwọn, Eken, Orie, Aho àti Okuo, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní ọjà ọrọọrún. Gbogbo wa ni a ti mọ̀ tipẹ́ pé ọjà ní ọjọ́, ọjọ́ sì ní wákàtí.

Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé a lè kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó, kí a fi àwòrán sí i, kí a sì yan ọjọ́ àti wákàtí tí yóò jáde fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2012 ni Facebook ti fún àwọn tí wọ́n ní ojú-ewé òwò láǹfààní yìí. Ní ọdún 2022, Instagram náà fi í sínú áàpù rẹ̀ fún àwọn tí àkáǹtì wọn jẹ́ ti oníṣòwò. Meta Business Suite ni orúkọ ibi tí a ti lè ṣe ti àwọn méjèèjì pọ̀, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni fún un. Èyí ni mo pè ní ìkéde àfisílẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Ìkéde tí a fi sílẹ̀ kò sí nínú fóònù wa mọ́. Ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ náà lókè òkun. Bí bátìrì fóònù kú, bí dátà tán, yóò jáde ní wákàtí rẹ̀.

2. ÈRÈ RẸ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí kò nílò kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná fún yín. Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà New Benin. Láàárọ̀ ó ń tu ìsọ̀, lọ́sàn-án ó ń dá oníbàárà lóhùn, lálẹ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí iná wà, tí ọmọ rẹ̀ sì wà nílé, wọ́n lè fi wákàtí kan péré ya àwòrán aṣọ mẹ́rin, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i, kí wọ́n sì tò ó sí ọjọ́ mẹ́rin ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn oníbàárà yóò máa rí i déédéé. Ẹni tí a ń rí déédéé ni ènìyàn máa ń rántí nígbà tí ó bá fẹ́ ra nǹkan.

Àwọn kan nínú wa ní ọmọ ní London tí ń bá wọn ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ rán an létí pé aago tí ó wà lórí ẹ̀rọ ẹni tí ń ṣètò ni ètò náà sábà máa ń tẹ̀ lé. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Nígbà òtútù wọn, aago méje àárọ̀ lọ́hùn-ún ti di mẹ́jọ níbí.

3. IBI TÍ EWU WÀ

Àwa tí a ṣe iṣẹ́ ìjọba mọ lẹ́tà méjì kan tí a máa ń kọ sára fáìlì: B.U., pẹ̀lú ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá pé, akọ̀wé yóò gbé fáìlì padà wá sórí tábìlì ọ̀gá. Ọ̀gá yóò tún un kà. Ó lè fọwọ́ sí i, ó lè yí i padà, ó sì lè ní kí wọ́n dá a padà sí àpótí. Kò sí lẹ́tà tí ń jáde láìjẹ́ pé ojú ènìyàn tún kàn án.

Facebook kò ní akọ̀wé bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, kò ní gbé ìkéde padà wá bá ọ kí o tún un wò. Yóò gbé e síta ni, pẹ̀lú orúkọ rẹ lórí rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ìlú ń rẹ́rìn-ín tàbí ìlú ń sunkún.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọjọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2016, Iyase kéde ìwàjà Ọba Erediauwa, ìlú Benin sì wọ ọ̀fọ̀. Bí oníṣòwò kan bá ti ṣètò àwòrán ijó àti ayọ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀rọ kò ní bi í léèrè. Àwa tí a jẹ́ Yorùbá níhìn-ín, tí àwọn onílé gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ọ̀wọ̀ tí a ní fún ìlú ni ó ń gbé wa níyì. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè ba ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ jẹ́.

Ní ọdún kan náà, ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fi ìdìbò gómìnà Edo sí. Ó ku ọjọ́ méjì péré kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 28. Ẹni tí ó ti fi ìkéde sílẹ̀ pé ìsọ̀ òun yóò wà ní títì lọ́jọ́ ìdìbò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé oníbàárà lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, lẹ́yìn tí wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìlú yìí, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Ìkéde tí ó bá ní kí ènìyàn sáré wá sí Ring Road ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ewu ni ó ń pe oníbàárà sí.

Ọ̀rọ̀ ọdún náà ńkọ́? Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti fún wa ní ìsinmi ìtúnu ààwẹ̀ fún ọjọ́ 9 àti ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Wọn kò rí oṣù ní alẹ́ ọjọ́ 8. Sultan kéde pé ọjọ́ 10 ni ọdún, ìjọba sì fi ọjọ́ 11 kún ìsinmi. Ẹni tí ìkéde rẹ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ 9 pé "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún" ń kí àwọn tí ààwẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ti owó ọjà ni ó tún le jù. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo bẹntiróòlù tí kò tó náírà 200 ní iléeṣẹ́ epo ìjọba fò sókè ju náírà 480 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó mọ́tò gòkè, owó ọjà tẹ̀ lé e. Oníbàárà tí ó rí iye àtijọ́ lórí fóònù, tí ó wọkọ̀ wá, tí o wá sọ iye mìíràn fún un, kò ní sọ pé ẹ̀rọ ni ó ṣì í. Yóò ní ìwọ ni o pa irọ́.

4. ÈYÍ TÍ A LÈ FI SÍLẸ̀ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ YẸ

Ohun tí kì í yí padà ni kí a fi sílẹ̀: irú ọjà tí a ń tà, àdírẹ́sì ìsọ̀, wákàtí tí a ń ṣí, bí a ṣe ń tọ́jú aṣọ kí ó má ṣí, bí a ṣe ń mọ ojúlówó. Ohun tí ó bá gbára lé bí ọjọ́ ṣe rí, ọwọ́ ni kí a fi gbé e síta lọ́jọ́ náà gan-an: iye owó, ìkíni ọdún tí ó dúró de oṣù, ìkéde ìpàdé, àti ọ̀rọ̀ àwàdà.

5. ÌLÀNÀ MẸ́RIN

Èkíní, ẹ má ṣe fi ìkéde sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bí ẹ̀rọ tilẹ̀ gbà á, ọjà wa kò gbà á.

Èkejì, kí ènìyàn méjì ní àṣẹ láti ṣètò ojú-ewé náà, kí ọ̀kan nínú wọn sì máa gbé ní ìlú yìí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Benin ní ọ̀sán, ọmọ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní London lè má gbọ́ títí di alẹ́.

Ẹ̀kẹta, bí ìròyìn búburú bá dé, kí a tó ṣe ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ dá gbogbo ìkéde tí ó wà nílẹ̀ dúró. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó polówó gbọ́dọ̀ wà nítòsí láti dáhùn. Bí ìkéde bá jáde láago méje, tí oníbàárà béèrè ọ̀rọ̀, tí kò rí ẹni dá a lóhùn títí di ọjọ́ kejì, yóò lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. WhatsApp Business ní ibi tí a ti lè ṣètò èsì fún wákàtí tí a kò sí nílé. Ẹ lò ó, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ ó padà.

ÌPARÍ

Àwọn baba wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó ń mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Kò dá Ifá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sùn fún ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa ṣí ojú-ewé òwò wa lọ́rọọrún, kí a tún ka gbogbo ohun tí a fi sílẹ̀, kí a sì bi ara wa léèrè pé, ṣé n ó lè dúró sí iwájú ìsọ̀ mi kí n fi ẹnu ara mi sọ èyí lọ́jọ́ tí yóò jáde? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pa á rẹ́.

Kí Ọlọ́run bù sí òwò gbogbo wa, kí ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀ síwájú.