Fèrè Saxophone àti Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Warri

Fèrè onídẹ tí a ń pè ní saxophone ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀gbẹ́ni Adolphe Sax, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ló ṣe é. Ìjọba Faransé fún un ní ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1846. Idẹ ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olórin kà á mọ́ àwọn fèrè onígi, nítorí ẹ̀là ìfefe tẹ́ẹ́rẹ́ tí a so mọ́ ẹnu rẹ̀ ló ń gbọ̀n tí ó fi ń dún. Ẹ̀yin ará Òkè Ọya, ẹ tọ́jú ẹ̀là yìí lásìkò ọyẹ́, ó máa ń gbẹ, a sì là. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, òjò ni ọ̀tá: awọ tí ó ń bo àwọn ihò rẹ̀ a máa bu, afẹ́fẹ́ á sì máa jò.

Àwọn kan ní ohun òyìnbó ni, kò kàn wá. Èmi kò gbà. Orlando Julius Ekemode, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, fi í lókìkí. Àwo rẹ̀ Super Afro Soul jáde ní 1966. Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta, trumpet ló kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Igo Chico tí ń fọn saxophone fún un kúrò ní 1973, ó gbé e fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún! Lágbájá sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùndún àti bàtá. Ẹni tó gbọ́ èdè wa lè fi í tẹ̀ lé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, bí onígángan ti ń ṣe.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé bàbá kan nínú wa ti fèrè ọmọ rẹ̀ mọ́ inú àpótí. Wọ́n ní iṣẹ́ ilé ọtí ni, kí ó lọ jókòó ti ọjà. Ẹ jọ̀wọ́, bàbá. Èmi náà ọlọ́jà ni, mo mọ ohun tí owó jẹ́. Ọmọ yín kò kọ ọjà. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló tọrọ. Àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ kò gbọ́ ìlù tó ń sọ̀rọ̀ bí àwa ti gbọ́ ọ ní kékeré, ẹ jẹ́ kí eléyìí fọn tirẹ̀. Àwọn àgbà ti gbà pé kí ó máa lo gbọ̀ngàn ìpàdé, kí àwọn aládùúgbò lè sùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e wá, ẹ ṣí àpótí náà fún afẹ́fẹ́. Oṣù mẹ́ta nínú òjò Warri kì í ṣe kékeré fún awọ.