Ẹ̀rín Ọmọ Onígbèsè

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ìtàn ìgbà èwe yín dé ìdajì, tí ẹ jù ú sí ìsàlẹ̀ àpótí nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bàbá tàbí ìyá, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ní 1824, wọ́n ti bàbá òǹkọ̀wé Charles Dickens mọ́ Marshalsea, ẹ̀wọ̀n àwọn onígbèsè ní Lọ́ńdọ̀nù. Charles, ọmọ ọdún 12, ń lẹ bébà mọ́ ìkòkò pólíìṣì bàtà ní ilé iṣẹ́ kan, ṣílè mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ojú tì í débi pé kò sọ ọ́ fáwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ó pa á tì. Ìgbà tó sọ ọ́ di ìtàn àròsọ, David Copperfield, tó jáde láti 1849 sí 1850, ni ọ̀nà tó là. Bàbá onígbèsè di Ọ̀gbẹ́ni Micawber, tí gbèsè mù dọ́rùn, síbẹ̀ tó ń retí pé nǹkan yóò ṣẹnuure. A ó rẹ́rìn-ín títí, ojú wa á tún ṣomi. Bí ẹ̀rín náà kò ṣe bo ìyà mọ́lẹ̀ ló wú mi lórí jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìtàn yín yọ nínú àpótí lónìí. Ibi tó pa yín lẹ́rìn-ín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.