Àwọn Ènìyàn Rẹ̀ Dà? Kíka Ìtàn Ikú ní Kétu

 

Ìtàn kúkúrú méjì ni mo gbé wá. Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà, ló kọ èkíní ní 1843. Baudelaire, akéwì Faransé, ló túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kà á. Ọkùnrin kan ń bá bàbá arúgbó kan gbé. Ó fẹ́ràn bàbá náà, kò sì wojú owó rẹ̀. Àmọ́ bàbá ní ojú kan tí awọ fẹ́lẹ́ bò, bí ojú igún, ojú yẹn ni kò jẹ́ kí ó rí oorun sùn. Òru méje ló fi yọ́ ṣílẹ̀kùn, tó ń wò ó. Bàbá ti dijú nínú oorun. Ní òru kẹjọ, ojú là sílẹ̀. Ó pa á, ó gé e, ó sì kó o sábẹ́ pákó ilẹ̀ yàrá. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ó gbé àga tirẹ̀ ka orí pákó náà, ó ń bá wọn tàkurọ̀sọ, títí etí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ọkàn òkú tó ń lù. Ó figbe ta, ó jẹ́wọ́.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni èyí tí ẹnikẹ́ni nínú yín yóò bi: àwọn ènìyàn rẹ̀ dà? Ọkùnrin yìí kò lórúkọ, a kò gbọ́ nípa ìyá, a kò gbọ́ nípa ẹ̀gbọ́n. Ní agbo ilé wa níhìn-ín, ta ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlagbà lóru méje tí ẹnì kan kò ní wúkọ́, kí ó ní, "Ta nìyẹn?" Poe mọ̀ọ́mọ̀ kó gbogbo wọn kúrò ni. Níbẹ̀ ni ẹ̀rù ìtàn náà wà, kì í ṣe lára òkú.

Ìtàn kejì ni *Le Horla* ti Maupassant, òǹkọ̀wé Faransé. Lọ́dún 1886 tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, tó tún un kọ ní 1887, ni ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀. Ó di 1894 kí ìlú tó tún gbérí. Nínú ìtàn náà, olówó kan tó ń gbé lẹ́bàá odò Seine rí i pé ohun àìrí kan, tó pè ní Horla, ń mu omi òun lóru, ó ń darí òun. Ọkọ̀ ojú omi Brazil kan, tí òun fúnra rẹ̀ kí bó ti ń kọjá, ló gbé e wá. Apá yìí gún mi lọ́kàn. Àwa mọ ọkọ̀ Brazil: òun ló kó ọmọ Kétu lọ sí Bahia, níbi tí àwọn olórìṣà ṣì ń jẹ́ orúkọ Kétu dòní. Maupassant ń bẹ̀rù ohun tí ọkọ̀ gbé dé. Àwa ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó gbé lọ. Níkẹyìn ọkùnrin náà ti Horla mọ́ inú ilé, ó sì fi iná sí i. Ó gbàgbé pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ òun wà nínú rẹ̀. Èmi kò lè dárí èyí jì í.

Àwa náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ọmọbìnrin tó tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kúrò lọ́jà, tí ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà títí tó fi ku agbárí. Òǹkọ̀wé wa Tutuola fi í sínú ìwé rẹ̀ ní 1952. Ìfẹ́ ohun kan ṣoṣo ló gbé òun náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wá a lọ, àwọn olùgbọ́ sì ń gberin. Síbẹ̀, n kò ní sọ pé tiwa lọ́lá jù. Àlọ́ kì í gbé wa wọ inú orí apànìyàn. Nígbà tí mo ń ka Poe, mo rí i pé èmi náà ń fẹ́ kí ọlọ́pàá tètè máa lọ, ìyẹn sì ba mí lẹ́rù ju òkú lọ.

Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà la ilẹ̀ Kétu já. Ọmọ Kétu ń ka ìtàn wọ̀nyí ní Faransé, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ní òdìkejì ààlà náà, ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ túmọ̀ wọn sí Yorùbá, kí a kà wọ́n sókè níwájú àwọn àgbà, kí àwọn náà dá sí i. Ẹ fi ti Poe bẹ̀rẹ̀. A lè kà á tán ní ìjókòó kan.