Omi Náà Ẹrù Ni: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Iṣẹ́ Nínu Wíńdò

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ ní ìpàdé oṣù, tí ìgbìmọ̀ ní kí a tẹ̀ jáde nítorí àwọn tí kò lè wá)



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n owó wa wà nínú rẹ̀, ọmọ wa sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló kọ̀wé sí ẹgbẹ́ lóṣù yìí, ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yá ìyá àwọn lówó, kí àwọn fi ra ọkọ̀ tí àwọn máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínu wíńdò. Àwọn kan nínú wa ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé wíńdò nínù náà ti di iṣẹ́ tí à ń ra ọkọ̀ fún?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ wo Ìbàdàn wa yìí. Ẹ wo Dùgbẹ̀, ẹ wo Ring Road, ẹ wo Bódìjà. Báǹkì, ilé ìwòsàn, ilé ìtajà ńlá, ilé ìjọsìn, gíláàsì ló kún ojú wọn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá á bo gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n da ẹlùbọ́ sí i. Oní-ṣọ́ọ̀bù wo ló fẹ́ kí oníbàárà bá òun bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ ni. Owó sì wà níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ọkọ̀ iṣẹ́ náà lè jẹ èrè tán, ó sì lè ṣe ọmọ léṣe, bí a kò bá mọ bí a ṣe ń to ẹrù inú rẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ

Ẹgbẹ́ yìí ti yá ọ̀kan nínú wa lówó rí fún irú iṣẹ́ yìí. A kò ní dárúkọ. Ẹni náà jókòó sí àárín wa níbí, òun gan-an ló sì ní kí a sọ ọ́, kí ọmọ ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi fọ́tò ọkọ̀ àwọn tó ń nu wíńdò níbẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀: táńkì nínú ọkọ̀, pọ́ǹpù, rọ́bà omi tí wọ́n ká jọ, àti ọ̀pá gígùn tó ní búrọ́ọ̀ṣì lórí. Omi á gba ara ọ̀pá náà gòkè, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á dúró nílẹ̀, á máa fọ wíńdò òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Kì í ṣe irọ́. Ní ìlú Ọba, òfin kan jáde ní ọdún 2005 lórí iṣẹ́ tí a ń ṣe ní òkè. Ó ní bí iṣẹ́ bá ṣeé ṣe láti ilẹ̀, kí ènìyàn má gòkè rárá. Òfin yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi àkàbà sílẹ̀, kí wọ́n di ọ̀pá mú.

Ọmọ wa wo fọ́tò, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tòun máa rí. Ó ra bọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀, ó yọ àga ẹ̀yìn kúrò, ó gbé táńkì funfun onígun mẹ́rin sí i, èyí tí wọ́n fi irin yí ká, tó ń gba 1,000 lítà. Okùn ló fi dè é. Ó kun ọkọ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù sí i lára, ó wù wá lójú. A tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un nínú ọgbà ọjà yìí.

Lọ́jọ́ kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó. Omi inú táńkì kò kún, ó dé ìdajì. Ọ̀kadà kan já sí i níwájú, ó tẹ búrẹ́kì. Ọkọ̀ fẹ́ dúró, omi kò dúró. Omi rọ́ wá síwájú, ó ti táńkì, okùn já, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó níwájú. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹ̀mí kò lọ sí i. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ kán. Owó ilé ìwòsàn, owó àtúnṣe ọkọ̀, owó ẹgbẹ́, orí ìyá ni gbogbo rẹ̀ já lé. Aṣọ inú ìsọ̀ rẹ̀ ló tà tán kó tó san án.

Àwa tí a fọwọ́ sí owó yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo la béèrè nígbà náà: ta ni onídùúró? A kò béèrè pé kí ni yóò wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀bi náà kan àwa náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

ÌṢIRÒ ÀPÒ ÌRẸSÌ

Ìwé tí àwa tí a ń kọ̀wé ẹgbẹ́ kà kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò ju agbára wa lọ. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tí a fi ń pọn omi, kìlógíráàmù 25 ni omi inú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì ti di àpò ìrẹsì 50 kìlógíráàmù kan. Táńkì 500 lítà, àpò ìrẹsì mẹ́wàá nìyẹn. Táńkì 1,000 lítà, ogún àpò, tọ́ọ̀nù kan gbáko. A kò tíì ka táńkì fúnra rẹ̀, a kò tíì ka pọ́ǹpù, a kò tíì ka àwọn ọmọ tó máa wọ ọkọ̀.

Ẹ wá wo kóròpe kékeré tí àwọn ọmọ yìí fẹ́ rà. Jàpáánì ni wọ́n ti ṣe é. Ẹrù tí òfin wọn níbẹ̀ gbà kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé kò ju 350 kìlógíráàmù lọ. Bí ọmọ bá gbé 500 lítà omi sí i, ó ti ju agbára rẹ̀ lọ kó tó kúrò ní ẹnu géètì. Táyà á máa jẹ, síprín-ìn á tẹ̀, búrẹ́kì kò sì ní mú bó ṣe yẹ.

Ìrẹsì sàn díẹ̀, ó máa ń jókòó síbi tí a bá gbé e sí. Omi kì í jókòó. Táńkì tí kò kún ló tiẹ̀ burú jù, torí omi á ríbi sá sí. Ẹni tó bá ti ru korobá omi ìdajì láìfi ewé lé e lórí mọ ohun tí à ń wí.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ A TO ỌKỌ̀ NÁÀ

A lọ béèrè lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, a béèrè lọ́dọ̀ wẹ́dà, a sì bá ọmọ tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀. Ohun tí a kó jọ nìyí.

Èkínní, kẹ́ẹ̀gì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan, korobá omi kan tàbí méjì ti tó o. Irinṣẹ́ ibẹ̀ kò pọ̀: korobá, ọṣẹ olómi díẹ̀, aṣọ tí kì í tú òwú, àti rọ́bà pẹlẹbẹ ọlọ́wọ́ tí à ń fi fa omi kúrò lójú gíláàsì, irú èyí tí àwọn ọmọ tó ń nu gíláàsì mọ́tò nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ máa ń mú dání. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin jẹ́ 100 kìlógíráàmù. Kóròpe gbé e. Bí wọ́n bá dé e pa, tí wọ́n kó wọn sínú àpótí pákó tí a kàn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kò síbi tí wọ́n ń lọ.

Èkejì, bí iṣẹ́ bá wá dàgbà débi táńkì, kí ó jẹ́ èyí tí ọkọ̀ lè gbé bó bá kún dé ẹnu. Kí wọ́n ra èyí tó ní ìdábùú nínú, tí kì í jẹ́ kí omi rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, láàárín, kí ó súnmọ́ iwájú táyà ẹ̀yìn, kí ó má wà ní ìdí ọkọ̀ pátápátá, kí ó má sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Irin ni kí wẹ́dà fi dì í mọ́ egungun ọkọ̀, kì í ṣe okùn, kì í ṣe ilẹ̀ páànù lásán. Kí irin ìdábùú mìíràn sì wà láàárín ẹrù àti ẹ̀yìn awakọ̀.

Ẹ̀kẹta, omi náà. Ẹ̀yin náà mọ omi tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gbẹ lójú gíláàsì, á fi ojú funfun sílẹ̀. Àwọn ará ìlú Ọba tó ń lo ọ̀pá, wọ́n máa ń sẹ́ omi wọn títí ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ á fi tán, ìdí nìyẹn tó fi ń gbẹ láìní àmì. Ọmọ wa ra ọ̀pá, kò ra asẹ́ omi, omi kànga ẹ̀rọ ló ń fà sókè. Oníbàárà ní ó tún ba wíńdò òun jẹ́ ni. Ẹni tí kò ní asẹ́, kó fi rọ́bà fa omi kúrò kí ó tó gbẹ. Omi òjò dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé ná, kí wọ́n tó gbé agbada sí i.

Ẹ̀kẹrin, ìgbà ọyẹ́. Kí wọ́n má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku o. Iyanrìn wà nínú rẹ̀, á ha gíláàsì, ọmọ yóò sì san án. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣàn án. Kí aṣọ tó ti dọ̀tí ní àpò tirẹ̀ nínú ọkọ̀, kó má bá aṣọ mímọ́ pàdé.

Ẹ̀karùn-ún, àkàbà. Kí wọ́n dè é mọ́ orí ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ibi tó bá yọ jáde. Tí wọ́n bá gbé e ti ògiri, bó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ìdí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan jìnnà sí ògiri, bó bá ga ní méjìlá, kó jìnnà ní mẹ́ta. Kí ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú. Kí wọ́n má gbé àkàbà irin tàbí ọ̀pá irin lọ sí ìtòsí wáyà iná láéláé. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan sọ fún yín pé Ilé Kòkó lòun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àjà 26 ni ilé náà, láti 1965 ló ti wà níbẹ̀, kò sá lọ. Iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

Ẹ̀kẹfà, kẹ́míkà. Kí wọ́n má po bílíìsì mọ́ ásíìdì tí à ń fi fọ ṣáláńgá. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ májèlé ni, nínú ọkọ̀ tí wọ́n sé ló sì burú jù. Kí ìgò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ lára. Kí wọ́n má rọ ọ́ sínú ìgò tí a fi ń mu omi.

Ẹ̀keje, kí wọ́n to ọkọ̀ bí a ṣe ń to ìsọ̀. Ohun tí ọwọ́ ń wá jù, ẹnu ọ̀nà ni. Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni. Bí alẹ́ bá lẹ́, kí wọ́n kà á, bí a ṣe ń ka ọjà ká tó ti ìsọ̀. Ẹni tó bá ń wá rọ́bà fún wákàtí kan níwájú oníbàárà, àfi kó má retí pé wọ́n máa tún pe òun.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ọkọ̀ kì í mú owó wá bó bá dúró, ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Kí owó ìrànwọ́ orí epo tó lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kò tó 200 náírà nílé epo ìjọba. Ìgbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti lé ní 900. Nítorí náà, ọmọ tó bá nu ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà, tó sáré lọ sí Chállẹ́ńjì, tó tún padà sí Dùgbẹ̀, epo ló ń ṣiṣẹ́ fún. Kí wọ́n wá oníbàárà tó wà lójú títì kan náà, kí wọ́n fi ọjọ́ kan sí àdúgbò kan. Kí ìwé kékeré kan wà nínú ọkọ̀: owó tó wọlé, epo, àtúnṣe. Kí ìwé ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò pé.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kí a dìbò lé lórí nìyí. Kí ẹgbẹ́ má ṣe kó owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Kí a kọ́kọ́ yá ọmọ ní owó irinṣẹ́, kí ó fi kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀ èrò kó o kiri fún oṣù mẹ́ta. Bó bá mú ìwé rẹ̀ wá, tí a rí oníbàárà níbẹ̀, nígbà náà ni owó ọkọ̀. Kí a gé owó ọkọ̀ náà sọ́nà mẹ́ta: ọkọ̀, bí a ṣe máa tò ó, àti èyí tí a fi pamọ́ fún epo àti àtúnṣe. Kí mẹkáníìkì ẹgbẹ́ wo bí wọ́n ṣe de ẹrù kí ọkọ̀ tó jáde. Kí ìyá kankan má sì fi gbogbo ọjà inú ìsọ̀ rẹ̀ dúró fún ọmọ.

A mọ̀ pé àwọn ọmọ á ní a ń fi nǹkan falẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ tó kọ́kọ́ ṣe é ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, korobá méjì, àkàbà kan, kóròpe kan. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ló ń bá a di ìdí àkàbà mú. Ìyá rẹ̀ sì ti tún ń kó aṣọ sí ìsọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lọ rò ó wò kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́. A ò ní fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Iṣẹ́ ọmọ wa á yọrí, a ò ní fi ẹsẹ̀ wọn san gbèsè.