Ẹ̀kọ́ láti Inú Ìkòkò Aró

Ọ̀rọ̀ òní dá lé ìbéèrè kan ṣoṣo: bí ọgbọ́n tuntun bá wọ inú iṣẹ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn baba àti ìyá, ta ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde? Àwọn kan a máa wí pé ayé òde òní ni ó ba iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́. Àwọn mìíràn a sì máa wí pé ebi ni yóò pa ẹni tí ó bá kọ ohun tuntun. Ìtàn aṣọ àdìrẹ ní Abẹ́òkúta fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àtijọ́, ewé èlú ni aláró ń gún, tí ó ń ṣù, tí ó sì ń sá sí oòrùn. Yóò sun igi, yóò kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí a lu nídìí, yóò sì da omi lé e kí ó máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni yóò fi rẹ èlú fún ọjọ́ púpọ̀. Kò sí ìwọ̀n tí ó gbé lọ́wọ́. Ojú, imú àti ahọ́n ni ó fi ń mọ̀ bí aró bá ti tó. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró. Nítorí náà ni a ṣe ń rì í, tí a ń gbé e sókè, tí a tún ń rì í, títí yóò fi dúdú dáadáa. Sùúrù ni olórí ohun èlò iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àdìrẹ jẹ́ ohun tí kò yí padà rí. Aró rírẹ ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti Manchester ni ó fún àwọn obìnrin ní àyè láti ya oríṣiríṣi ọnà. Àwọn kan ń fi ìko di aṣọ, àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ rán an, àwọn mìíràn ń fi ìyẹ́ adìẹ tọ ẹ̀kọ láfún sí i lára. Àwọn ọkùnrin náà gé ọnà sára páànù tí a ń gbé lé aṣọ kí a tó fi ẹ̀kọ pa á. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwòrán ọba àti ayaba hàn lára àdìrẹ. Nínú ọnà tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Màpó wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn tí a ṣí ní 1929. Ohun tí ojú àwọn ìyá wọ̀nyí rí ní ìgbà ayé wọn ni ọwọ́ wọn yà.

Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a fi ọgbọ́n kẹ́míkà ṣe. Nígbà tí ó yá, aró yìí pẹ̀lú sódà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ di iṣẹ́ ìwọ̀nba wákàtí. Obìnrin tí kò lágbára àtisun eérú, tí kò sì ní ọ̀pọ̀ ìkòkò, rí ọ̀nà wọ inú òwò. Ṣùgbọ́n sódà tí a kò wọ̀n dáadáa a máa jẹ ọwọ́, a sì máa jẹ aṣọ. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń ṣí, ó sì ń tètè gbó.

Lẹ́yìn 1929, owó kòkó já wálẹ̀ káàkiri, ọjà àdìrẹ tí ó ti ń dé Gold Coast àti Sẹ̀nẹ̀gà sì dín kù. Ìbínú ru. Ní àárín àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn obìnrin aláró kò gbà; wọ́n gbé ẹjọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìjà náà láìṣègbè. Orúkọ ìlú ni ọba ń wò; aṣọ tí kò dára lè mú kí àlejò má padà wá mọ́. Oúnjẹ ọmọ ni àwọn ìyá ń wò. Bí a bá dá wọn padà sí eérú, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Sódà kò ní ọwọ́, kò sì ní ojú; ẹni tí ó wọ̀n ọ́n ni ó ni ẹ̀bi tàbí ìyìn. Ẹ̀bi náà kò sì dúró lọ́dọ̀ aláró nìkan. Oníṣòwò tí ó ta sódà láìsọ bí a ti í lò ó ní tirẹ̀, oníbàárà tí ó fẹ́ aṣọ rere ní owó yẹpẹrẹ ní tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ìjà náà ti gbé ẹ̀wù mìíràn wọ̀ lónìí. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ti kún ọjà Ìtòkú. Ọnà tí ọwọ́ àwọn ìyá wa dá ni ó wà lára rẹ̀, àdìrẹ ni a sì ń pè é. Ẹni tí ó ra aṣọ ẹ̀rọ nítorí pé agbára rẹ̀ mọ níbẹ̀ kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó tà á ní orúkọ àdìrẹ ni ó jalè lẹ́ẹ̀mejì: ó ja oníbàárà lólè, ó sì ja ẹni tí ó dá ọnà náà lólè.

Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kò lè gba iṣẹ́ kan là. Nike Davies-Okundaye, ẹni tí ó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, yan láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà láìgba owó. Ọ̀nà kan nìyẹn tí ó ń so èso. Ojúṣe mìíràn kò ju pé kí aláró wọ ìbọ̀wọ́, kí ó wọn sódà rẹ̀, kí ó má sì da omi aró kẹ́míkà sínú odò tí ọmọ ẹlòmíràn ń pọn mu. Ẹni tí ó bá ń ya ọnà tuntun, kí ó yà á láti inú ohun tí ojú tirẹ̀ rí, bí àwọn tí ó ya òpó Màpó ti ṣe.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rọ lè ní aṣọ bí aláró. Ó tilẹ̀ lè ní púpọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àkísà ni ẹlẹ́rìí òtítọ́: aṣọ tí a fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a fi pọn ọmọ, tí aró rẹ̀ kò sì tíì fi í sílẹ̀. Kí olúkúlùkù oníṣẹ́, ìbáà ṣe aláró, ìbáà ṣe akọ̀wé, ìbáà ṣe ẹlẹ́rọ, bi ara rẹ̀ léèrè kí ó tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà: báwo ni àkísà iṣẹ́ yìí yóò ti rí?