Nígbà Tí Olùkọ́ Bíbélì Ṣẹ Ọmọ Kíláàsì Rẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ìbéèrè kan tí ìyá kan láti Èrúwà bi mí ló fà á. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọmọ mi gba àádọ́rùn-ún máàkì nínú Ìmọ̀ Bíbélì. Ó mọ Òfin Mẹ́wàá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá se ọbẹ̀ kalẹ̀, ẹran inú rẹ̀ kì í pé. Kí ni mo wá ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ fún?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Ìmọ̀ Bíbélì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Igbó-Ọrà, mo sì mọ̀ pé èmi gan-an ni ìbéèrè náà ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843 ni ìwé kíkà àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ti jọ ń rìn pọ̀ nílẹ̀ wa. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, wà lára àwọn tó ṣe làálàá kí odindi Bíbélì tó jáde lédè Yorùbá ní 1884. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ rọ́ wọ̀ jẹ́ ti ìjọ. Lẹ́yìn ọdún 1970 ni ìjọba wá gba ọ̀pọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ilé-ẹ̀kọ́ tí orúkọ ẹni mímọ́ wà lára pátákó rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìjọba ló ń san owó olùkọ́ ibẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ìjọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn sílẹ̀, tí òbí ń fowó ara rẹ̀ rán ọmọ lọ.

Kí ni òbí yẹn ń wá? Ìṣirò wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìwà ni ó ń wá. Ìdí nìyẹn tí awuyewuye fi pọ̀ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó ẹ̀kọ́ ìsìn pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ẹ̀kọ́ nípa ìlú àti ẹ̀kọ́ ààbò, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ni ní 2014. Àwọn aṣáájú ìjọ ní wọ́n fẹ́ pa Ìmọ̀ Bíbélì rẹ́. Èmi náà pariwo. Àṣé ohun tó yẹ kí n pariwo lé lórí wà nínú kíláàsì mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Igbó-Ọrà, ẹ mọ̀ pé ìlú ìbejì ni. Kò sí kíláàsì tí olùkọ́ ò ti ní máa pe Táíwò kí Kẹ́hìndé dáhùn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìyá wọn nìkan ló lè dá wọn mọ̀ lókèèrè.

Ní Ọjọ́rú kan, àwọn ọmọ dáwó jọ fún ọmọ kíláàsì wa kan tó wà ní ọsibítù. Owó náà jẹ́ ₦1,850. Mo dì í sínú ìwé, mo fi sórí tábìlì mi, mo jáde lọ dá ẹnì kan lóhùn. Nígbà tí mo padà, kò sí owó. Mo bèèrè, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan wá nawọ́ sókè, ó ní, "Mà, Kẹ́hìndé ni mo rí nídìí tábìlì yín."

N kò bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni. N kò pe àwọn méjèèjì jọ. Mo fa Kẹ́hìndé síwájú, mo nà án lẹ́gba mẹ́fà lójú gbogbo kíláàsì, mo ní kó lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn kó nawọ́ sókè títí aago ìsinmi yóò fi lù. Ó ń sunkún, ó ń ní, "Èmi kọ́, mà. Èmi kọ́." Ohun tí mo sọ ni pé olè kì í jẹ́wọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ́ wọn pé Ọlọ́run kórìíra kí èèyàn jẹ́rìí èké mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ìyá ìbejì wá bá mi nílé. Ó fẹ́ fọ ṣòkòtò Táíwò ló rí owó náà nínú àpò rẹ̀. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Ẹ gbọ́ mi o: ẹni tí mo na ọmọ rẹ̀ láìṣẹ̀ ló kúnlẹ̀ tó ń bẹ̀ mí! Mo gbé e dìde, mo gba owó, mo ní kó máa lọ, pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Mo sọ fún ọ̀gá wa. Ó ní kí n jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó ní bí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé, àwọn ọmọ ò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Mo tún rí àwáwí kún un fúnra mi: bí mo bá ní kì í ṣe Kẹ́hìndé, ta ni yóò kù? Gbogbo kíláàsì á mọ̀ pé Táíwò ni. Mo ní àánú Táíwò ló ń ṣe mí. Irọ́ ni. Ojú ara mi ni mò ń dáàbò bò.

Láti ọjọ́ náà ni Kẹ́hìndé ò ti nawọ́ sókè mọ́ nínú kíláàsì. Bí a bá ń kọrin òwúrọ̀, ẹnu rẹ̀ máa ń wà ní pípadé.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìtàn Sákéù agbowó-òde ló kàn nínú Ìmọ̀ Bíbélì. Mo sọ ìtàn náà dáadáa, mo tilẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń gun igi. Inú àwọn ọmọ dùn. Mo wá bèèrè pé, "Nígbà tí Sákéù ronú pìwà dà, kí ló ṣe?" Kẹ́hìndé nawọ́ sókè. Ó dìde, ó ní, "Mà, ó lọ bá àwọn tó ti rẹ́ jẹ, ó dá a padà fún wọn ní ìlọ́po mẹ́rin."

Mo ní, "Ó káre. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà ò jókòó. Ó dúró, ó ń wò mí. Kì í ṣe ìwò àfojúdi. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan.

Mo kọjú sí pátákó, mo ní kí wọ́n máa kọ nóòtì. Làfún àti ìlasa tí mo gbé wá lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe gbé e wá ni mo gbé e padà sílé.

Nígbà tí a jáde, mo pe Táíwò nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sọ fún un pé mo ti mọ̀, pé n kò ní nà án, ṣùgbọ́n pé lọ́la, mo ní láti wẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ó ń wolẹ̀, kò fọhùn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní inú ń run ún. Kẹ́hìndé nìkan ló wá.

Mo dúró níwájú kíláàsì. Mo ní, "Owó tó sọnù, a ti rí i. Kẹ́hìndé kọ́ ló jí i. N kò wádìí, mo nà án, mo sì pè é ní olè lójú yín. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Kẹ́hìndé, jọ̀wọ́, dárí jì mí." Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ kan wá ní, "Mà, ta ló wá jí i?"

Kí n tó la ẹnu, Kẹ́hìndé ló dáhùn. Ó ní, "Wọ́n ti rí owó náà." Ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀.

Àwa Yorùbá ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà á gbọ́. Ó gba ẹgba nítorí àbúrò rẹ̀, ó tún bo àṣírí rẹ̀. Ta ló wá kọ́ ta ní Ìmọ̀ Bíbélì níbẹ̀?

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo rẹ̀ ló rí bí ìwàásù, nígbà ìsinmi, ọmọ mẹ́fà tò síwájú mi. "Mà, èmi náà, ọjọ́ tí ẹ nà mí lọ́jọ́sí, n ò ṣe nǹkan kan." Mo wádìí tiwọn. Méjì ń sọ òtítọ́, mo bẹ̀ wọ́n. Mẹ́rin ń purọ́ kedere! Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ọ̀gá wa ní wọn ò ní bà mọ́, n kò rí i kó dín kù. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́ fún mi kí n tó bèèrè.

Ẹ̀yin ará, nǹkan mẹ́ta ni mo mú jáde nínú rẹ̀.

Èkíní, ọmọ ń ka olùkọ́ rẹ̀ kó tó ka Bíbélì. Òfin Mẹ́wàá lórí pátákó kò lè borí irọ́ tó wà lẹ́nu ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ tí a ní à ń tẹ̀ lé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwa olùkọ́ ò lè bẹ̀rẹ̀ bẹ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká fi èdè tí ọmọ gbọ́ kọ́ ọ ní ìwà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń ka ẹsẹ Bíbélì lórí lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹyẹ ayékòótọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ yege ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Bí ìṣirò bá wọ̀ wọ́n létí lédè ìyá wọn, mélòómélòó ni ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ìtàn Sákéù, bóyá Kẹ́hìndé ò bá má dìde.

Ẹ̀kẹta kan ọmọ aládùúgbò wa. Ní Ìbàràpá, ọmọ Mùsùlùmí wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, nínú agboolé kan náà ni a sì ti ń rí ìmáàmù àti díákónì. Abala 38 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fipá kọ́ ọmọ ní ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún èyí. Bàbá kan tó jẹ́ Mùsùlùmí wá bá mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi ròyìn ohun tí ẹ ṣe. Ẹ̀sìn wa yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní kí ẹ kọ́ ọ nìyẹn." Ó wá fi kún un pé kí n bá òun bẹ ọ̀gá kí wọ́n dín owó ilé-ẹ̀kọ́ kù.

Mo ti wá rí èsì fún ìyá tó wá láti Èrúwà. Màmá, bí ẹran ọbẹ̀ ò bá pé, ẹ bá ọmọ wí, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá na ọmọ láìṣẹ̀, tí ẹ bá rán an pé kó sọ fún olówó-èlé pé ẹ ò sí nílé, ẹ padà lọ bá a, kí ẹ ní, "Ọmọ mi, mo ṣe é tì." Ìmọ̀ Bíbélì tí kò sí nínú máàkì àádọ́rùn-ún nìyẹn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Táíwò padà wá ní Ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí a ń kọrin òwúrọ̀, mo wo ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì wà lórí ìlà kan náà, Kẹ́hìndé sì ń kọrin.

 Bí ẹ bá ní ọmọ tí ẹ jẹ ní gbèsè àforíjì, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá a.