Kí Egbò Jinná Láti Inú: Ọ̀rọ̀ Lórí Jẹ́ẹ̀lì Tó Ń Mú Erìgì Bọ̀ Sípò



Àgbà tó mọ egbò tọ́jú kì í yọ̀ nítorí pé ojú egbò ti pa dé. Yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Bí abẹ́ rẹ̀ bá rọ̀, ó mọ̀ pé ọyún ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju èyí lọ: egbò tí yóò jinná, láti ìsàlẹ̀ ni kó ti jinná. Inú erìgì wa ni mo fẹ́ kí á ti wò ó.

Eyín kò rì mọ́ egungun àgbọ̀n bí ìṣó ṣe rì mọ́ pákó. Àìmọye okùn tín-ín-rín ló so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ egungun. Awọ líle kan tó fẹ́lẹ́ bo gbòǹgbò náà, òun sì ni àwọn okùn yìí dì mú. Àwọn okùn wọ̀nyí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí á tètè mọ̀ bí òkúta bá wà nínú ẹ̀wà tí à ń jẹ.

Bí èérí bá pẹ́ létí erìgì, kòkòrò àìfojúrí á gbilẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1965, ní ìlú Aarhus lórílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì, onímọ̀ eyín Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ènìyàn 12 tí erìgì wọn dá ṣáṣá dẹ́kun fífọ eyín. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, erìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sí fífọ eyín, ó san. Ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè wọ inú lọ: okùn á já, egungun á jẹ, àlàfo á ṣí láàárín erìgì àti gbòǹgbò, eyín á wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Dókítà eyín lè ṣí erìgì náà, kó sì ha gbogbo ìdọ̀tí kúrò. Ṣùgbọ́n awọ erìgì yára ju egungun àti okùn lọ. Kí àwọn yẹn tó jí, awọ á ti sáré wọ ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, á ti dí ojú ibẹ̀. Ojú egbò dé, okùn kò padà.

Lars Hammarström ti Karolinska Institutet ní Swídìn wo bí ara ṣe kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ síso eyín mọ́ egungun nígbà tí eyín ọmọdé ń ta gbòǹgbò. Ó rí i pé purotéènì tí a rò pé ti awọ funfun orí eyín nìkan ni, ń lọ́wọ́ nínú dídá awọ gbòǹgbò pẹ̀lú. Amelogenin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú eyín ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tíì hù ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ ọ́, wọ́n pò ó mọ́ ohun tí wọ́n fà láti ara koríko òkun, ó sì di jẹ́ẹ̀lì tó ń fà bí omi ilá. Wọ́n sọ ọ́ ní Emdogain. Lọ́dún 1997, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde.

Bí jẹ́ẹ̀lì yìí bá kan gbòǹgbò, purotéènì inú rẹ̀ á dì, á lẹ̀ mọ́ ọn bí ìpele fẹ́lẹ́. Ní yàrá ìwádìí, sẹ́ẹ̀lì tó ń hun okùn a máa gbèrú lórí rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì awọ á sì fà sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó ń dá ojú egbò dúró díẹ̀ kí ìsàlẹ̀ lè ráyè. Ọgbọ́n àgbà tó tẹ egbò wò náà ni.

Kì í ṣe idán o. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí jọ, wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún kan, ohun tó tún di eyín mú fi nǹkan bí mílímítà 1.1 ju ti ẹni tí wọ́n kàn ṣe iṣẹ́ abẹ fún láìlo jẹ́ẹ̀lì. Kòtò inú egungun tó ní ògiri ló ń gbà á dáadáa. Ibi tí egungun ti jẹ lọ pẹrẹsẹ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Ẹni tó ń mu sìgá kì í rí èrè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ bá sì ti kọ́kọ́ bo gbòǹgbò, jẹ́ẹ̀lì kò ní lè lẹ̀. Oko tí a kò ro, kí la fẹ́ gbìn síbẹ̀?

Ẹ̀yin dókítà ọ̀la, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ pa mọ́ fún aláìsàn. Mùsùlùmí àti ẹni tí ẹ̀sìn tàbí èèwọ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ kó tó gbà. Àwọn jẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tí wọn kò ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá, bíi ti hyaluronic acid, tí ara tiwa náà ń ṣe. Ẹ ṣàlàyé èyí fún wọn pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ará ilé, ọwọ́ yín ni ìbẹ̀rẹ̀ wà. Orín àtà tí àwọn ìyá wa ń rin láàárọ̀ kì í hun okùn tó ti já, ṣùgbọ́n ó ń lé èérí kó tó ráyè já a. Bí ẹ bá tutọ́ láàárọ̀ ọ̀la tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ má sọ pé orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì ló le. Ẹ lọ fi erìgì han dókítà eyín, nígbà tí fífọ ṣì lè tó o.